Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ẹgbẹ́ Tó Wà Nílé Nígbà Tí A Bá Wà Lájò

  

Láti ìgbà tí a ti pín àjọ tó kọjá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi mí pé, "Akọ̀wé, kí lẹ ṣe sí kọ̀ǹpútà tó wà nílé yín, tí ẹ fi ń ka ìwé ẹgbẹ́ lórí fóònù nígbà tí ẹ bá wà l'Ékòó tàbí ní Kútọnú?" Àwọn kan tilẹ̀ ní awo ni. Kì í ṣe awo rárá. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ohun tó bá yé mi, kò sí ẹni tí kò lè yé nínú wa. Ẹ ṣáà fi sùúrù kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó mọ fóònù lò nílé bá yín kà á pẹ̀lú.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ rántí pé inú ìwé ńlá ni a ti ń kọ owó àjọ, owó àyálò àti orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ìwé náà ń gbé. Nígbà tí iná jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Aṣọ tó bá jóná, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó tún un rà. Ṣùgbọ́n bí ìwé gbèsè bá jóná, ta ni yóò jáde wá sọ pé òun jẹ ọ́ lówó? Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a kó gbogbo ìwé sórí kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà náà má sì gbé inú ọjà. Ilé tèmi ni wọ́n ní kí ó wà.

Láputọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni. Ọmọ àbúrò mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló bá wa rà á, tó sì kó ètò kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Samba. Iṣẹ́ Samba ni pé kí kọ̀ǹpútà kan máa fi fáìlì han àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù tó wà nínú ilé kan náà. Ará Ọsirélíà kan, Andrew Tridgell, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1992, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún ayé títí di òní. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní sẹ́fà. Èmi ń pe tiwa ní Àpótí, nítorí iṣẹ́ àpótí ìyá àgbà ló ń ṣe: ibẹ̀ ni ohun tí a kò fẹ́ kó sọnù ń gbé.

Nínú ilé, Àpótí ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Mo lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa fi fóònù ka orúkọ ẹni tó dá àjọ. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà pínpín àjọ ti èṣí. Kútọnú ni mo wà, mo lọ ra aṣọ. Ìyálájé ń pín owó fún àwọn èèyàn níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ọ̀sẹ̀ 22 ni òun dá. Káàdì rẹ̀ ní 20, ó ní òjò ló pa káàdì náà tí ìlà méjì fi pa rẹ́. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ó wà nínú Àpótí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé mi wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi fóònù wá Àpótí títí nínú yàrá tí mo wọ̀ sí, kò dáhùn.

Kí n tó dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Wọ́n ti pe ara wọn ní olè lójú àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo ṣí Àpótí, ọ̀sẹ̀ 22 ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ló jàre. A san owó rẹ̀ pé, a sì dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó tó oṣù méjì kí àwọn méjèèjì tó tún jókòó pọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi pé, "Mi ò tún fẹ́ irú èyí mọ́. Bá mi wá ọ̀nà tí n ó fi máa dé ọ̀dọ̀ Àpótí níbikíbi tí mo bá wà."

ÀDÍRẸ́SÌ INÚ ILÉ YÀTỌ̀ SÍ TI ÒDE

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó yé wa ni ìdí tí Àpótí kò fi dá mi lóhùn.

Ẹ wo ilé kan tí ayálégbé pọ̀ nínú rẹ̀. Yàrá kìíní, yàrá kejì, yàrá kẹta, títí lọ. Bí o bá wà nínú ilé náà tí o ní kí ọmọ gbé omi lọ sí yàrá kẹta, ó mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé Kútọnú tí o sọ fún ọlọ́kadà pé kó gbé ọ lọ sí yàrá kẹta, ṣé kò ní rò pé orí rẹ ti yí? Gbogbo ilé ló ní yàrá kẹta.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àdírẹ́sì Àpótí rí. 192.168.1.20 ni. Nọ́ńbà yàrá ni. Láti ọdún 1996 ni àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé inú ilé nìkan ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tàbí pẹ̀lú 10, tàbí láti 172.16 dé 172.31, yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde sí títì. Nígbà tí mo ń tẹ 192.168.1.20 ní Kútọnú, yàrá inú ilé onílé tí mo wọ̀ sí ni mo ń kàn!

Ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fún wa ní wáífáì, ni ọlọ́dẹ tó jókòó sí ẹnu géètì. Òun nìkan ló ní àdírẹ́sì òpópónà tí ará ìta lè rí. Bí ẹnìkan láti inú ilé bá rán níṣẹ́ jáde, ọlọ́dẹ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Yàrá kẹta ló rán iṣẹ́ yìí." Bí èsì bá dé, á gbé e lọ fún yàrá kẹta. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá dédé dé ẹnu géètì tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i, ọlọ́dẹ á lé e padà. Èmi gan-an ni àjèjì lọ́jọ́ náà, ọlọ́dẹ tèmi ló lé mi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé: ohun tó bá jáde láti inú ilé, èsì rẹ̀ lè wọlé. Ohun tó bá dédé ti ìta wá kò lè wọlé.

ÌGBÌYÀNJÚ KÌÍNÍ: A SỌ FÚN ỌLỌ́DẸ PÉ KÓ ṢÍLẸ̀KÙN

Kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀kùn tí a kò lè fojú rí, tó tó 65,535, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lò. Ilẹ̀kùn 445 ni Samba ń gbà. Ilẹ̀kùn 22 ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ àbúrò mi ní òun ò gbọdọ̀ ṣí 445 fún ìta. Ó ní ilẹ̀kùn yẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, tó ní kí wọ́n wá fowó gbà á. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílùú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ní kí àwọn aláìsàn máa lọ sílé. Nítorí náà 22 ló ṣí. Ó wọ inú ráútà, ó sọ fún un pé, "Ẹni tó bá kàn ní 22, mú un lọ bá Àpótí."

Ó jáde sí títì, ó fi fóònù rẹ̀ gbìyànjú. Kò ṣiṣẹ́. Ó tún un ṣe, kò ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣe é.

Ìgbà tó yá ló rí ìdí rẹ̀. Síìmù fóònù ló wà nínú ráútà wa. Àdírẹ́sì òpópónà tí ráútà náà rò pé òun ní, kì í ṣe ti òpópónà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo àdírẹ́sì irú èyí tí a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, àwọn èèyàn inú ayé sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ká má tíì sọ ti fóònù. Ní oṣù kejì ọdún 2011 ni wọ́n pín èyí tó kù nínú àpò àgbáyé tán. Àjọ AFRINIC tó ń pín ti ilẹ̀ Áfíríkà láti erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n fúnni ní ọdún 2017. Nítorí ọ̀wọ́n yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ó dà bí ẹ́sìtéètì. Ilé tìrẹ ní géètì àti ọlọ́dẹ tìrẹ. Ṣùgbọ́n géètì ńlá mìíràn wà níwájú tí gbogbo ẹ́sìtéètì jọ ń gbà, ọlọ́dẹ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ. O lè ṣí géètì tìrẹ sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀ di alẹ́, bí ti iwájú bá wà ní títì, àlejò rẹ kò lè dé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ẹ́sìtéètì bẹ́ẹ̀ ni ẹ wà, ẹ wo àdírẹ́sì òde tí ráútà yín kọ sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lo wáífáì ilé yẹn láti béèrè lọ́wọ́ Google pé "what is my IP". Bí méjèèjì bá bára mu, àdírẹ́sì òpópónà ni ẹ ní. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹlòmíràn ló wà níwájú yín. Bí èyí tó wà nínú ráútà bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, torí ọdún 2012 ni wọ́n ya ìyẹn sọ́tọ̀ fún irú ẹ́sìtéètì báyìí.

ÌGBÌYÀNJÚ KEJÌ: Ó ṢIṢẸ́, ṢÙGBỌ́N ẸRÙ BÀ MÍ

A wá lọ gba ìlà fáíbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, a sì fowó kún owó kí wọ́n fún wa ní àdírẹ́sì òpópónà tiwa gan-an, èyí tí kì í yí padà. (Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń yí padà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní dynamic DNS. Ó máa ń fún ilé yín ní orúkọ kan, tí orúkọ náà á sì máa tọ àdírẹ́sì tuntun lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá kó kúrò nílé tó sì sọ fún aládùúgbò ibi tó kó lọ.) Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣiṣẹ́. Mo jókòó sí ìsọ̀ mi, mo sì ka Àpótí láti ibẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ra mínírà fún gbogbo ìlà wa.

Ọjọ́ kẹta, ọmọ àbúrò mi dé, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Àpótí máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn sílẹ̀. Mo ní kò ní ju èmi àti òun lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni mo bá níbẹ̀! Wọ́n ń dárúkọ "root", wọ́n ń dárúkọ "admin", wọ́n ń dárúkọ "test", wọ́n ń gbìyànjú páàsìwọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lé òmíràn ní òru, ní ọ̀sán, láìsinmi. Mo bú sígbe. Mo ní ta ni mo ṣẹ̀?

Ó ní kò sẹ́ni tí mo ṣẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ mí. Ẹ̀rọ ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé jákèjádò ayé, tó ń ti ilẹ̀kùn wò bóyá yóò ṣí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Michigan l'Ámẹ́ríkà fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè kan ilẹ̀kùn kan lára gbogbo àdírẹ́sì irú èyí láàárín ìṣẹ́jú 45. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "ta ló mọ ilé wa?" Bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní ṣíṣí sí òpópónà, wọ́n á kàn án.

Ohun tí irú èyí ti fà fún àwọn mìíràn kò kéré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn èèyàn tó ní àpótí My Book Live tí ilé iṣẹ́ Western Digital ṣe jí láàárọ̀, wọ́n bá a ní òfìfo: àwòrán ọmọ, ìwé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́, nítorí pé àpótí náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àléébù sì wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn jàǹdùkú tí wọ́n pe ara wọn ní Deadbolt wọ àpótí QNAP àwọn èèyàn láti ìta, wọ́n ti fáìlì wọn pa, wọ́n ní kí olúkúlùkù san bitcoin 0.03. Àwọn tó ni àpótí wọ̀nyí kò ṣe ju ohun tí èmi náà ṣe lọ: wọ́n fẹ́ máa ka ìwé wọn láti òde.

Ẹ wá rò ó wò. Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín, iye tí ẹ kó jọ, iye tí ẹ jẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú Àpótí. Ìwé èmi nìkan kọ́ ni. Òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ ẹni náà sọ pé ẹni tó bá ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Kódà bí kò sí òfin, ojú wo ni n ó fi wò yín? Alẹ́ ọjọ́ náà la ti ilẹ̀kùn 22 pa.

ÌGBÌYÀNJÚ KẸTA: ÈMI ÀTI ÀPÓTÍ JỌ JÁDE LỌ PÀDÉ

Ọ̀nà tó bá wa lára mu ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú gbogbo ìwé yìí. A kò ṣílẹ̀kùn kankan fún ìta mọ́. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Ohun tó bá jáde láti inú ilé, èsì rẹ̀ lè wọlé. Nítorí náà, kàkà kí n wá kan géètì, kí Àpótí fúnra rẹ̀ jáde, kí fóònù mi náà jáde, kí àwọn méjèèjì lọ pàdé.

Ó rí bíi ti èmi àti oníbàárà mi tí kò mọlé mi, tí èmi náà ò mọ tirẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ìyá aláta kan ní oríta. Mo sọ fún ìyá aláta ibi tí mo wà, òun náà sọ fún un. Ìyá aláta júwe wa fún ara wa, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí ara wa tààrà. Ìyá aláta kò sí láàárín wa mọ́. Bí ọ̀nà tààrà bá ṣòro, òun ni yóò máa gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnìkan fún ẹnìkejì, ṣùgbọ́n inú àpò tí a fi àgádágodo tì ni ẹrù wà, kò lè wo inú rẹ̀.

Ètò tó ń ti àpò yẹn ni WireGuard. Ọ̀gbẹ́ni Jason Donenfeld ló ṣe é, ní ọdún 2020 ni wọ́n sì gbà á wọlé sínú Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà bíi tiwa ṣiṣẹ́. Ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ìyá aláta fún wa ni Tailscale, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2019. Ó ní ti ọ̀fẹ́ fún ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀. Òun nìkan kọ́ ló wà. ZeroTier náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní àdírẹ́sì òpópónà tirẹ̀ lè lo WireGuard nìkan láìsí ìyá aláta. Ilẹ̀kùn kan ni yóò ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tó bá kàn án, kò ní gbọ́ kíńkín, bí ẹni pé kò sílé níbẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn 22 tó ń dá gbogbo ẹni tó bá kàn án lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ètò yìí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́sìtéètì náà. A ti dá owó àdírẹ́sì òpópónà dúró, a ti padà sórí síìmù, ó sì ń lọ.

OHUN TÍ A ṢE, LẸ́SẸẸSẸ

1. Ọmọ àbúrò mi fi Tailscale sínú Àpótí, ó sì fi orúkọ ímeèlì ẹgbẹ́ wọlé.

2. A fi áàpù náà sínú fóònù mi, ti Ìyálájé àti ti Alága. Orúkọ kan náà la fi wọlé.

3. Áàpù náà fún Àpótí ní àdírẹ́sì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100. A kọ ọ́ sílẹ̀. Níbikíbi tí mo bá wà, àdírẹ́sì yìí ni mò ń tẹ̀, kì í yí padà.

4. Nínú fóònù, mo ṣí áàpù tó ń ka fáìlì, èyí tó lè bá Samba sọ̀rọ̀. Lórí iPhone, inú "Files" ni, níbi tí wọ́n kọ "Connect to Server" sí. Mo tẹ àdírẹ́sì náà, orúkọ mi àti páàsìwọ́ọ̀dù mi.

5. Olúkúlùkù ló ní orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù tirẹ̀ nínú Àpótí. Èmi lè kọ̀wé sí i. Ìyálájé àti Alága lè kà á, ṣùgbọ́n wọn ò lè yí i padà. Èyí dára fún gbogbo wa, kí ẹnìkan má baà sọ lọ́la pé wọ́n yí ìwé.

6. Ímeèlì ẹgbẹ́ ní ìdènà ẹlẹ́ẹ̀mejì: yàtọ̀ sí páàsìwọ́ọ̀dù, ó tún ń béèrè nọ́ńbà lórí fóònù kó tó ṣí. Ẹni tó bá jí ímeèlì yẹn ti jí ọ̀nà ìpàdé nìyẹn, ẹ má fi ṣeré.

7. Bí fóònù ẹnìkan bá sọnù, kó pè mí lójú ẹsẹ̀. N ó yọ fóònù náà kúrò nínú àwọn tó lè wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò gbà á.

ÀWỌN NǸKAN TÍ Ẹ NÍ LÁTI MỌ̀

Bí iná bá lọ ńkọ́? Nítorí iná la ṣe lo láputọ́ọ̀pù, ó ní bátìrì nínú. Ṣùgbọ́n ráútà náà ní láti ní bátìrì kékeré tirẹ̀, nítorí bí ráútà bá kú, Àpótí wà láàyè lásán ni.

Bí ó bá ń falẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo bá ń kà á láti òde, ilé ló ń fi ránṣẹ́ jáde. Ìlà ilé kì í yára fún ohun tó ń jáde bí ó ṣe ń yára fún ohun tó ń wọlé. Ìwé àjọ kò wúwo, kíá ló ń ṣí. Àwòrán ìgàn aṣọ ló wúwo. Ẹ má ṣí ogún lẹ́ẹ̀kan, dátà ilé àti dátà fóònù yín ló ń jẹ.

Ṣé a ò lè lo Google Drive? A lè lò ó. 15GB ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì rọrùn ju tiwa lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, mo gbà á níyànjú. Àwa ní àwòrán aṣọ rẹpẹtẹ, ìgbìmọ̀ sì fẹ́ kí ìwé owó wà lọ́wọ́ ara wa.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọ̀nà dídé ọ̀dọ̀ Àpótí kì í ṣe ààbò Àpótí. Olè lè gbé láputọ́ọ̀pù lọ, ó sì lè bàjẹ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà ìwé jẹ́ mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì wà nílé ọ̀tọ̀. Tiwa: ọ̀kan nínú Àpótí, ọ̀kan lórí dírọ́ọ̀fù tí mo ń yọ tí mo ń tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lórí èyí tó wà nílé Alága. Gbogbo ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni a ń pààrọ̀ wọn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DÚN YÌÍ

Nígbà tí wọ́n ń pín àjọ lọ́dún yìí, Èkó ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n wa ti èṣí yẹn kan náà dé iwájú Ìyálájé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ìyálájé yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí Àpótí, ó nà án sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú ara yín kà á." Ẹ̀gbọ́n wọ gíláàsì, ó ka ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 40 pé. Ó gba owó rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kí Akọ̀wé. Wọ́n ní ó fún Ìyálájé ní ẹyọ kan nínú obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ìwé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ọmọ àbúrò mi yóò wà níbẹ̀, a ó jọ wò ó. Ẹ mú fóònù yín dání, kí ẹ sì ti gba agbára sí i láti ilé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ìjà àjọ mọ́ o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́